Iyọ̀ Aláwọ̀ Aró

Ọjọ́ kejì tí mo dé Ìbàdàn, iná lọ ní Àgbòwó, mo sì jáde lọ ra bùjí. Ohun tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní àbẹ́là nìyẹn, àmọ́ ta ló sọ fún mi? Nílùú tiwa, Faransé ló ṣàkóso àwọn òbí wa, orúkọ tí wọ́n bá sì fún nǹkan la fi ń pè é.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta bùjí kan fún mi."

Ọmọbìnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù náà wò mí. "Kí lẹ pè é?"

"Bùjí."

"Bódìjà?" Ó nawọ́ sí títì. "Ẹ wọ mọ́tò tó bá ń lọ síwájú báyìí. Kò jìnnà rárá."

Mo ní n kò fẹ́ lọ sí Bódìjà, pé bùjí ni mò ń sọ, èyí tí wọ́n ń tàn. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn pé kó wá gbọ́ ohun tí Àgànyìn yìí ń sọ. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí mo fi ìka kan ṣe òwú, tí mo sì fẹnu fẹ́ ẹ bí ẹni tó ń paná, ó pàtẹ́wọ́.

"Háà, àbẹ́là lẹ fẹ́! Ẹ̀ bá ti sọ ọ́ ní Yorùbá."

Mo gba àbẹ́là mi, mo padà sí yàrá, mo tàn án, mo sì jókòó síwájú rẹ̀. Kétu tó wà lẹ́yìn ẹnubodè ni wọ́n bí mi sí. Yorùbá ni ìyá mi fi kọrin fún mi. Yorùbá ni bàbá bàbá mi sọ títí tó fi kú. Ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún wá ń kọ́ mi pé kí n sọ ọ́ ní Yorùbá.

Kò sì sẹ́ni tí mo lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá mi lórí fóònù, ńṣe ni wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ìlú òkèèrè kọ́ lo wà," ni wọ́n wí. "Yorùbá ẹgbẹ́ wa ni wọ́n. Kétu ti tó ìlú kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ahéré sí Ìbàdàn. Sọ fún wọn."

Ta ni kí n sọ fún? Bí àwọn ọ̀rẹ́ mi tó lọ sí ilẹ̀ Faransé bá ní òtútù ń mú àwọn, gbogbo ìdílé á máa ṣàánú wọn. Èmi, tí mo bá ní àárò ilé ń sọ mí, wọ́n á ní ṣebí ìrìn ọjọ́ kan ni. Ṣùgbọ́n ní ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ gíga wa, inú dúrọ́ọ̀ àwọn àlejò ni fáìlì mi wà, pẹ̀lú ti àwọn tí wọ́n ti òkè òkun wá. Ẹni tó wà nídìí dúrọ́ọ̀ náà a máa bá mi sọ Gẹ̀ẹ́sì tí n kò gbọ́ dáadáa. Bí mo bá sì fi Yorùbá dá a lóhùn, á ní, "Ẹ káre o! Ẹ ti ń gbọ́ Yorùbá!" Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, n kò tíì rí ìyìn tó bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ físíìsì ló gbé mi wá, ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1990. Olùkọ́ mi, Dókítà Oyèlámì, jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í bẹ̀bẹ̀, tí kì í sì í gba ẹ̀bẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni pé kí n fi pọ́sítíróònù wá wóró irin tó fara pa mọ́ sínú iyọ̀.

Mo mọ bó ṣe ń dún létí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, mo ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Pọ́sítíróònù jẹ́ ìbejì ẹlẹ́kítíróònù, àfi pé iná ara wọn lòdì síra. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, àwọn méjèèjì parun nìyẹn, ìtànṣán á sì jáde níbi tí wọ́n kú sí. Ẹ̀rọ wa a máa gbọ́ ìgbà tí wọ́n bí pọ́sítíróònù kan, a sì máa gbọ́ ìgbà tó kú. Ohun tí à ń wá ni bó ṣe pẹ́ tó láyé. Níbi tí ẹlẹ́kítíróònù bá pọ̀, kì í pẹ́ rárá. Níbi tí wọ́n bá ti ṣọ̀wọ́n, á ráyè díẹ̀.

Iyọ̀ náà ńkọ́? Iyọ̀ ọbẹ̀ ni, àmọ́ ó dì gbagidi, ó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Ọ̀rẹ́ Dókítà kan ní ilẹ̀ Họ́láńdì ló ṣe é ránṣẹ́ sí wa. Ó ti fi èéfín sódíọ̀mù gbígbóná sè é títí wóró sódíọ̀mù, tó jẹ́ irú irin kan, fi dì sínú rẹ̀, wóró tó kéré débi pé awò tí a ní kò lè rí i. Àmì kan ṣoṣo tí a fi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni àwọ̀: iyọ̀ náà di aró. Oríṣi mẹ́rin ló fi ránṣẹ́, méjì méjì. Èkíní funfun, kò ní irin nínú. Èkejì láró fẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ọ̀run àárọ̀. Ẹ̀kẹta ṣú díẹ̀ sí i. Ẹ̀kẹrin dúdú bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró lẹ́ẹ̀mẹwàá. Méjì méjì ni wọ́n nítorí a gbọ́dọ̀ fi wọ́n há orísun, ohun tó ń bí pọ́sítíróònù, láàárín, bí búrẹ́dì ṣe ń há ẹyin.

"Iyọ̀?" ni bàbá mi wí. "O fi Kétu sílẹ̀ lọ ka iyọ̀? Ṣé iyọ̀ ìyá rẹ ò tó kà ni?"

Orísun wa ti gbó. Sódíọ̀mù kan ni òun náà, irú èyí tó máa ń kú díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ọdún mẹ́ta tó pé, ìdajì agbára rẹ̀ á ti lọ, kò sì sí ohun tẹ́nì kan lè ṣe sí i. Nítorí pé kò lágbára mọ́, odindi ọjọ́ méjì ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fi máa ka pọ́sítíróònù kí àbájáde tó ṣeé gbára lé. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ náà á gbàgbé gbogbo ohun tó ti kà.

Ìbàdàn ni mò ń sọ o. Ọjọ́ méjì láìsí pé iná lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, iná lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo tún bẹ̀rẹ̀, ó ku wákàtí mẹ́ta péré kó pé, iná lọ. Mo ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n ní kò sí epo. Ní gbogbo ìlú pàápàá kò sí epo; ìlà mọ́tò gùn láti ilé epo kan ní Ring Road títí ojú kò fi rí òpin rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo fi rí kíkà kan ṣoṣo tó pé, ti èyí funfun, tí kò sì ní irin kankan nínú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú làábù lọ́jọ́ náà, mo jó pẹ̀lú èjìká nìkan.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn olùkọ́ yanṣẹ́ lódì.

Oṣù kan kọjá, ó di méjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó ẹrù wọn lọ. Mo lọ bá Dókítà nílé wọn ní Apẹ̀tẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sin adìyẹ láti fi kún owó oṣù tí kò dé. Mo bá wọn pẹ̀lú garawa oúnjẹ adìyẹ lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n dákun, kí wọ́n yá mi ní kọ́kọ́rọ́ làábù.

"Mo ti yanṣẹ́ lódì," ni wọ́n wí.

"Sódíọ̀mù ò yanṣẹ́ lódì, sà."

Wọ́n dáwọ́ dúró. Mo rò pé wọ́n á bínú, àmọ́ wọ́n kàn wo àwọn adìyẹ náà. "Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Kò sí ọjọ́ kan tí n kì í rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá fún ọ ní kọ́kọ́rọ́, mo ti da àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Máa lọ sílé."

Ilé wo? Èyí tí bàbá mi ní kò jìnnà, àbí yàrá Àgbòwó?

Ìyá Ràṣídà ló ṣílẹ̀kùn làábù fún mi. Ìyá Ràṣídà ló ń gbálẹ̀ fún ẹ̀ka wa, ọmọ Ìbàdàn gidi ni wọ́n, agboolé bàbá wọn wà lápá Bẹẹrẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ bíi tiwọn kò sí nínú ìyanṣẹ́lódì náà, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ wọn. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbá ilé tí ẹnì kan kò rìn nínú rẹ̀.

"Wọ́n ní kí n máa gbálẹ̀. Wọn ò ní kí n lé èèyàn," ni wọ́n wí, wọ́n sì jẹ́ kí n wọlé.

Nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ ti ṣófo, iná kò fi bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Mo to iyọ̀ tó láró fẹ́ẹ́rẹ́ náà sínú ẹ̀rọ, mo bẹ̀rẹ̀ kíkà. Ìyá Ràṣídà a máa jókòó tì mí ní ọ̀sán, wọ́n á jẹ ẹ̀pà, wọ́n á máa bi mí léèrè. Ṣé òótọ́ ni pé owó tiwa yàtọ̀? Ṣé à ń kírun nílùú wa? Kí ló dé tí n ò tíì lọ́kọ? Ìbéèrè wọn pọ̀, ó sú mi nígbà míì, àmọ́ àwọn nìkan ni kò yìn mí rí pé mo gbọ́ Yorùbá.

Ní Sátidé kan, mo ní àdéhùn fóònù. Bó ṣe rí nígbà náà nìyẹn: èmi á kọ̀wé sílé pé ní ọjọ́ báyìí, ní aago mẹ́wàá, kí bàbá mi wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Kétu, èmi náà á lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fóònù ní Dúgbẹ̀. Bí mo bá pẹ́, wọ́n á ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo ti gbé àwo iyọ̀ jáde kúrò nínú ìgò tó ń gbà á lọ́wọ́ ọ̀rinrin, kí n yan èyí tó kàn. Mo wo aago, mo sì sáré jáde.

Lórí fóònù, bàbá mi ní ọ̀gá ilé ìwé gíga tó wà nílùú wa ti rí àyè olùkọ́ físíìsì kan. Tèmi ni tí mo bá dé kí wọ́n tó wọlé ní oṣù kẹwàá.

"Màá gbìyànjú, Bàbá."

"Gbìyànjú kọ́. Wá sílé. Iyọ̀ ò ní sá lọ."

Nígbà tí mo padà dé, àwo náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, wọ́n ti dojú rẹ̀ dé, ó mọ́, ó ń dán.

Mo ní, "Mà, ohun tó wà nínú àwo yìí dà?"

"Mo ti fọ̀ ọ́," ni Ìyá Ràṣídà wí. "Ó ti dọ̀tí."

"Ohun tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

"Gíláàsì aláró yẹn? Mo fọ àwọn náà. Mo bu ọṣẹ sí wọn, ńṣe ni wọ́n ń kéré sí i lọ́wọ́ mi. Mo ní, irú gíláàsì wo rèé?"

N kò mọ ohun tí mo kọ́kọ́ sọ. Mo mọ̀ pé mo pariwo. Mo mọ̀ pé mo ní, "Ìwọ! Ṣé o ya wèrè ni? Ta ní kí o fọwọ́ kàn án?" Ẹni tó tó bí mi lọ́mọ ni mo pè ní ìwọ.

Ìyá Ràṣídà gbé ìgbálẹ̀ wọn sílẹ̀. Ohùn wọn kò ga. "Ọmọ Àgànyìn," ni wọ́n wí, "èmi lo ń sọ 'ìwọ' fún?" Wọ́n jáde. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lójú ilẹ̀kùn.

Mo lọ wo ìdí ẹ̀rọ omi. Omi tó ṣẹ́kù nínú bàsíà kò tilẹ̀ láró. Funfun ti lọ, èyí tó ṣú díẹ̀ ti lọ, èyí tó dúdú bí aró ti lọ, n kò sì tíì ka méjèèjì yìí rí. Èyí tó láró fẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló kù, nítorí pé inú ẹ̀rọ ló wà. Nígbà náà ni mo rí ìdérí ìgò náà lórí tábìlì mi, níbi tí mo gbé e sí ní àárọ̀.

Ọjọ́ Àìkú yẹn, n kò jáde. Mo dùbúlẹ̀, mo ń bínú sí gbogbo ohun tó lórúkọ. Mo bínú sí Ìyá Ràṣídà, sí iná, sí ìyanṣẹ́lódì, sí Họ́láńdì tó fi ohun tí omi lè jẹ ránṣẹ́ sí ìlú olójò. Mo bínú sí bàbá mi tó ní n kò lọ síbì kankan. Bí mo bá wà ní ìlú òkèèrè ni, mo rò ó, ǹ bá ti mọ̀ pé n kò mọ̀ wọ́n, wọn ò mọ̀ mí. Ohun tó ń dùn mí ní Ìbàdàn ni pé mo mọ̀ wọ́n. Mo mọ ohun tí 'ìwọ' jẹ́ létí àgbà. Ọmọ òkèèrè tó bá sọ ọ́, wọ́n á ní kò gbọ́ èdè. Èmi gbọ́ ọ. Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ sọ ọ́ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ìyá Ràṣídà ti dé ṣáájú mi. Òkúta ńlá kan wà lórí tábìlì mi nínú ọ̀rá, ó tó orí ọmọdé, ó pọ́n bíi erùpẹ̀.

"Bódìjà ni mo lọ," ni wọ́n wí, wọn ò wojú mi. "Ìsọ̀ àwọn Hausa tó ń ta màlúù. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ní iyọ̀ tó ń dì bí òkúta. Wọ́n ní èyí ni màlúù ń lá. Kò láró, àmọ́ iyọ̀ ni. Ó pọ̀ ju tìrẹ lọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lẹ́nu mi. Ohun tó wà nínú òkúta yẹn, iyanrìn, amọ̀, ìtọ́ màlúù, pọ́sítíróònù ò lè rí ọ̀nà gbà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé e sórí láti ọjà. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Èmi ni mo fi ìdérí sílẹ̀."

"Dìde," ni wọ́n wí. "Ilẹ̀ ṣì tutù, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún ni."

Ìyanṣẹ́lódì parí. Dókítà Oyèlámì wọlé, wọ́n ṣí ìgò, wọ́n tún wo inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní omi ló bà á jẹ́.

"Ojú mi ò fọ́," ni wọ́n wí. "Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ni, òun ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Màá kọ̀wé sí ọ́fíìsì lónìí."

Ó ku ọdún méjì kí Ìyá Ràṣídà fẹ̀yìn tì. Opó ni wọ́n. Bí lẹ́tà yẹn bá lọ, wọ́n á lé wọn lófo. Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, Dókítà á bínú sí wọn, á sì ṣàánú mi. Wọ́n á kọ̀wé sí Họ́láńdì fún òmíràn.

"Èmi ni mo gbé e síta, sà. Èmi ni mo fi ìdérí sílẹ̀. Ìyàwó ilé tó bá bá àwo dídọ̀tí lórí tábìlì, á fọ̀ ọ́."

Wọ́n yọ awò ojú wọn. "Ìwọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"N kò ní tọrọ òmíràn. Ojú á tì mí. Fi èyí tó kù ṣe é. Bí àwọn olùyẹ̀wò ò bá rí ìyàtọ̀ nínú rẹ̀, o ò ní gba ìwé ẹ̀rí."

Èyí tó kù ni irin inú rẹ̀ kéré jù. Bóyá ni ìyàtọ̀ á hàn rárá. Kíkà tí mo ti ṣe kò tó, orísun náà sì ti rẹ̀ sí i. Mo tún bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin dípò méjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti padà, iná náà ti padà sí ìwà rẹ̀. Oṣù kẹwàá dé, ó kọjá. Bàbá mi sọ fún mi lórí fóònù pé wọ́n ti fi ọmọ àbúrò ọ̀gá ilé ìwé náà sí àyè mi. Wọn ò bínú. Ìbá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n kàn ní, "Ó dáa," wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, mo sì dúró ní Dúgbẹ̀ tí fóònù ń pariwo lọ́wọ́ mi.

Ìgbà keje ni kíkà náà pé. Mo ya ìlà ti funfun, mo ya ti aláró sórí rẹ̀. Níbi tí funfun ti wálẹ̀, aláró ṣì gbéra díẹ̀. Díẹ̀ ni, àmọ́ ó wà níbẹ̀. Mo tún un yà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wà níbẹ̀. Pọ́sítíróònù tó bá bọ́ sínú wóró irin yẹn máa ń pẹ́ láyé ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo sáré sọ fún Ìyá Ràṣídà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ó pẹ́ tó báwo?"

"Kò ṣeé sọ, mà. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti kọjá níye ìgbà tí ẹnu kò lè kà."

Wọ́n fi ìgbálẹ̀ wọn ti ògiri. "Ohun tó ń pa ọ́ lẹ́kún láti ọdún yìí wá nìyẹn?"

Ọjọ́ tí mo máa dáhùn ìbéèrè níwájú àwọn olùyẹ̀wò, ẹni tó ti ìlú míì wá ṣí ìwé mi, ó ní, "Mẹ́rin lo kọ síbẹ̀rẹ̀, méjì ló wà lópin. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Dókítà Oyèlámì ń wo òde.

"Mo fi iyọ̀ sílẹ̀ láìbò, sà. Omi kàn án."

Ó wò mí, ó tún wo ìlà náà, ó fi ìka tẹ̀ lé ibi tí aláró ti gbéra. Ìbéèrè mìíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Nǹkan bíi wákàtí méjì. Nígbà tó yá wọ́n ní kí n jáde, wọ́n tún pè mí wọlé, wọ́n ní mo yege, kí n tún orí kẹta kọ.

Mo ṣílẹ̀kùn. Ìyá Ràṣídà dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an. Kì í ṣe aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n wọ̀. Léèsì ọjọ́ Jímọ̀ wọn ni, wọ́n da ìborùn funfun bo orí, wọ́n wọ bàtà. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ wọn wà lọ́wọ́ wọn nínú ọ̀rá.

"Ṣé wọ́n gbà á?"

"Wọ́n gbà á, mà. Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo ti dúró láti ìgbà tí o ti wọlé. Bí wọ́n bá ní àwọn ò gbà, mo fẹ́ wọlé lọ sọ fún wọn pé èmi ni mo fọ̀ ọ́. Kí wọ́n gba ìwé iṣẹ́ wọn padà."

Gbogbo ohun tí mo ti ṣe kí orúkọ wọn má baà jáde! Lẹ́tà tí mo dá dúró, iyọ̀ tí n kò rí gbà, iṣẹ́ Kétu tó bọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n sì wọ aṣọ Jímọ̀ wá, wọ́n fẹ́ fi ẹnu ara wọn tú u.

"Ẹ̀yin náà, mà!" ni mo fi ìbínú pariwo. "Ta ní kí ẹ wá?"

"Má jágbe mọ́ mi," ni Ìyá Ràṣídà wí. Wọ́n gba ìwé tí mo kọ lọ́wọ́ mi, wọ́n fi í sínú ọ̀rá pẹ̀lú tiwọn, wọ́n sì ṣáájú mi sọ̀kalẹ̀.